Ta ni yóò ka ìwé tó wà nínú iṣu wa?

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti ìdìbò, kì í sì í ṣe ti ààlà ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ kan ni, àti ọ̀rọ̀ iṣu. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni pẹ̀lú, nítorí ẹni tó bá mọ ìdí oúnjẹ ìlú ni ẹnu rẹ̀ máa ń ká ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín in.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, wọ́n dárúkọ ọmọbìnrin wa kan. Ọmọ náà ti gba BAC, ó wà ní yunifásítì ní Abomey-Calavi, ó sì fẹ́ tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́ tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń pè ní bioinformatique. Ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé kí a ràn án lọ́wọ́ nínú àpò owó ilé ìwé. Nígbà tí akọ̀wé ka lẹ́tà náà tán, ilé dákẹ́. Ìjòyè kan wá béèrè pé: «Ṣé dókítà ni yóò dà ni, àbí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe?» A rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní kí a kúkú fún ẹni tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lówó náà, nítorí a mọ ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe. Bí a ṣe sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tó ń bọ̀ nìyẹn.

Àwa tí à ń kọ ìwé yìí wà níbẹ̀, ẹ̀rín tí ẹ rín, àwa náà rín in. A kò rí ìdáhùn kankan fún ìjòyè wa lọ́jọ́ náà. Ìtìjú rẹ̀ bá wa délé. A wádìí, a kà, a bi àwọn tó mọ̀. Èyí tí a rí nìyí, kí ìpàdé tó ń bọ̀ má baà jẹ́ ti ẹ̀rín mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ebè. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, ìbáà ṣe ènìyàn, màlúù, ẹ̀fọn tàbí iṣu, ló ní ohun kan nínú ara rẹ̀ tó dà bí ìwé. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ìwé náà, àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní A, C, G àti T. Bí lẹ́tà wọ̀nyí ṣe tò tẹ̀lé ara wọn wà lára ohun tó ń mú kí iṣu kan tètè ta kí èkejì pẹ́, kí àrùn pa ọ̀kan kí ó fi òmíràn sílẹ̀. Ẹ̀rọ wà báyìí tó lè ka lẹ́tà wọ̀nyí láti inú ewé kékeré kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í kà á gún régé. Wẹ́wẹ́ ló máa ń mú un jáde, bí ìgbà tí wọ́n fa ìwé ńlá kan ya, tí wọ́n da gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n. Ẹni tó máa to wẹ́wẹ́ náà pọ̀ kó tún di ìwé, tó máa fi ìṣirò àti kọ̀ǹpútà wá ohun tó ń sọ, iṣẹ́ ẹni yẹn ni ọmọ wa fẹ́ kọ́. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe atún-kọ̀ǹpútà-ṣe. Òǹkàwé ni.

Ṣé iṣẹ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ gbọ́. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ láti Japan, láti ilé iṣẹ́ IITA tó wà ní Ìbàdàn àti láti ibòmíràn kọ́kọ́ gbé ìwé inú iṣu funfun jáde, irú iṣu tí à ń fi gún iyán. Lẹ́tà tí wọ́n rí tò jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 594. Tí ènìyàn bá jókòó tó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kò sùn, tí kò jẹun, yóò lo ọdún 18 kọjá kó tó pè é tán. Ti iṣu kan péré nìyẹn o. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àti ojú nìkan kò fi lè ṣe é, àfi kọ̀ǹpútà àti ẹni tó mọ bí a ti ń bá a sọ̀rọ̀.

Kí ni wọ́n rí nínú rẹ̀? Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé iṣu ní akọ, ó ní abo: èyí tó jẹ́ akọ máa tanná lásán, abo ló ń so èso. Ṣùgbọ́n títí ó fi máa tanná, kò sẹ́ni tó lè dá wọn mọ̀. Àwọn onímọ̀ ọdún 2017 yẹn rí ibi tí ọ̀rọ̀ akọ àti abo wà nínú ìwé náà. Látìgbà náà, a lè fi ewé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù mọ̀ ọ́n. Fún ẹni tó fẹ́ da iṣu méjì pọ̀ kó lè rí ọmọ tó dára ju bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ, èrè ńlá nìyẹn. Kò ní máa dúró de òdòdó mọ́.

Ní ọdún 2019, àwọn mìíràn tún tẹ̀ lé e. Nora Scarcelli, ti ilé ìwádìí IRD ní Faransé, ló ṣáájú wọn. Wọ́n ka ìwé inú iṣu 167, ti oko àti ti inú igbó, wọ́n sì sọ pé inú igbó dúdú ni ìyá iṣu wa ti wá, àti pé agbègbè odò Ọya ni àwọn baba ńlá wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín káàkiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo orúkọ tó wà lórí iṣẹ́ náà. Alexandre Dansi àti Gustave Djèdatin wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́ àgbà ní Dassa. Mohamed Nasser Baco ti yunifásítì Parakou wà níbẹ̀. Roland Akakpo náà wà níbẹ̀. Akakpo yìí kan náà ni orúkọ rẹ̀ ṣíwájú lórí iṣẹ́ mìíràn ní ọdún 2017, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà wá àwọn ibi tí ọwọ́ àgbẹ̀ ti yí iṣu igbó padà di iṣu oko: nínú gbòǹgbò rẹ̀, nínú ìyẹ̀fun tó ń kó jọ, nínú bí ewé rẹ̀ ṣe ń lo oòrùn. Iṣẹ́ tí ọmọ wa fẹ́ kọ́ gan-an nìyẹn. Nítorí náà, kì í ṣe ọmọ tó ń lá àlá ohun tí kò sí. Àwọn kan ti gba ọ̀nà náà kọjá, ẹsẹ̀ wọn sì wà lórí erùpẹ̀ tí a lè fojú rí.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí o. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ mìíràn láti Japan àti IITA ní rárá, iṣu funfun kì í ṣe ọmọ igbó nìkan: igbó ló bí i pẹ̀lú ọ̀dàn, oríṣi iṣu méjì ló pàdé tó fi di ọ̀kan. Ẹ rí i pé àwọn tó ń ka irú ìwé kan náà kò fohùn ṣọ̀kan. Ó dà bí ìgbà tí àgbà méjì ń pa ìtàn ìtẹ̀dó ìlú kan, tí ọ̀nà àlàyé wọn yàtọ̀. Nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, à máa ń lọ pe ẹni kẹta tí ìran rẹ̀ wà lójú ilẹ̀. Níbo wá ni igbó àti ọ̀dàn ti pàdé bí kò ṣe ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín? Láti Manigri títí dé Pénéssoulou, láti Bassila títí lọ sí òkè Alédjo, igbó wà, ọ̀dàn wà, oko wa sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹlẹ́rìí kẹta yẹn ni àwa.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe. Àgbẹ̀ a máa rìn nínú igbó tàbí inú ilẹ̀ tó ti sinmi, a rí iṣu kan tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. A wà á, a gbé e wá sóko, a gbìn ín sínú ebè. Àwọn kan a fi òkúta tàbí àpáàdì sábẹ́ rẹ̀ kó má baà gùn lọ sísàlẹ̀, kó lè sanra. Wọ́n á tún un gbìn lọ́dún kejì, lọ́dún kẹta, títí egbò rẹ̀ á fi dín kù tí ara rẹ̀ á fi di ti iṣu oko, wọ́n á sì wá sọ ọ́ lórúkọ. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wà lára ibi tí àwọn olùwádìí ti rí àṣà yìí dáadáa. Nígbà tí wọ́n wo inú àwọn iṣu bẹ́ẹ̀, wọ́n rí i pé òmíràn jẹ́ ti igbó pátápátá, òmíràn sì jẹ́ ọmọ tí igbó àti oko jọ bí. Èyí já sí pé bàbá wa tí kò mọ A, tí kò mọ C, ń mú ẹ̀jẹ̀ tuntun wọ inú iṣu ìlú láti ọdún gbọọrọ. Òun ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń kà báyìí.

Wọ́n ní bí iṣu ẹni bá ta, à ń fọwọ́ bò ó jẹ ni. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, a kò jà á níyàn. Ṣùgbọ́n iṣu yìí ti kúrò ní ohun tí ọwọ́ lè bò. Ìwé inú rẹ̀ ti wà ní Japan, ó wà ní Faransé, ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣí i. Àwa nìkan ni a kò lè kà á. Ohun tó kù fún wa ni kí ọmọ wa wà láàárín àwọn òǹkàwé, kí ó lè sọ pé: «Ẹ dúró ná, iṣu tí ẹ kọ nọ́ńbà sí yìí, orúkọ wà tí wọ́n ń pè é nílé wa, ìdí sì wà tí wọ́n fi ń gbìn ín.» Òwe mìíràn ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ yìí ti fẹ́ lọ rá aṣọ. Ọwọ́ yín ni àkísà wà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dáhùn àwọn ìbéèrè tí a gbọ́ lẹ́yìn ìpàdé, nítorí ìbéèrè gidi ni wọ́n.

Àkọ́kọ́: ṣé iṣẹ́ òyìnbó kọ́ nìyí? Rárá. Ní Ọ̀tà, tí kò jìnnà sí ẹnubodè Ìdí-Ìrókò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ezekiel Adebiyi àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Covenant University ti pẹ́ lẹ́nu fífi kọ̀ǹpútà wádìí kòkòrò ibà. Ní Ẹdẹ, ní Redeemer's University, ilé ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, ọmọ Cameroon, ń darí ló kọ́kọ́ ka ìwé inú kòkòrò Kòrónà tó wọ Áfíríkà, ní oṣù kẹta ọdún 2020. Ẹnikẹ́ni kò ní láti dúró de Yúróòpù kó tó mọ irú èyí tó wọlé. Ní Bẹ̀nẹ̀ tiwa níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Romain Glèlè Kakaï ní ilé ìwádìí kan ní Abomey-Calavi, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń fi ìṣirò wo igbó, irúgbìn àti àrùn. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò IMSP sì ti wà láti ọdún 1988.

Ìkejì: ṣé ó máa rí iṣẹ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Àwa tí a lọ ilé ìwé láyé ìjọsí, iṣẹ́ bírò la mọ̀, a sì kọ́ àwọn ọmọ wa pé tí kì í bá ṣe bírò, kì í ṣe iṣẹ́. Láti ìgbà tí ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé ti dé ní ọdún 1989, ẹ rí iye ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí tó wá ń gun zémì. Ìwé ẹ̀rí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kò já sí iṣẹ́ tó dájú mọ́. A kò lè búra fún yín pé iṣẹ́ ń dúró de ọmọ yìí. Ohun tí a lè sọ ni pé ẹni tó bá mọ ìṣirò àti kọ̀ǹpútà tó báyìí, ilé ìwòsàn ńlá lè lò ó, àwọn tó ń wádìí irúgbìn lè lò ó, yunifásítì lè lò ó. Ọ̀nà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Ìkẹta, òun ló sì dun àwọn àgbà jù: tó bá mọ̀wé tán, ṣé yóò padà wálé? Ó ṣeé ṣe kó má padà wá gbé. Kò sí ẹ̀rọ ńlá ní Pénéssoulou tí yóò fi ṣiṣẹ́, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ìyẹn dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí a rán lọ kọ́ṣẹ́, ṣé gbogbo wọn ló padà? Ẹ ka orúkọ wọn fúnra yín. Ọmọ tí a tì lẹ́yìn kì í gbàgbé ẹni tó ti òun. Èyí tí a fi ṣẹ̀sín ní ìpàdé ni ìlú máa ń pàdánù. Nítorí náà, kàkà kí a máa béèrè ibi tí yóò sùn, ẹ jẹ́ ká bá a ṣe àdéhùn lórí ohun tí yóò ṣe fún wa.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí.

Kí ẹgbẹ́ gbé owó ọdún kan kalẹ̀ fún un ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí a tún wò ó lọ́dún kejì lẹ́yìn tí a bá ti rí èsì ìdánwò rẹ̀. Kí òun náà fọwọ́ sí i pé ní gbogbo ìsinmi gígùn, òun yóò wá kọ́ àwọn ọmọ CEG ní ìṣirò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ mọ bí olùkọ́ ìṣirò ti ṣọ̀wọ́n tó ní ìgbèríko wa. Ọmọ tí kò rí olùkọ́ kì í yan série C, ẹni tí kò bá sì yan C tàbí D, ọ̀nà yìí ti pa mọ́ ọn kó tó mọ̀ pé ó wà. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe sọ fún ọmọbìnrin pé ìṣirò kì í ṣe ti obìnrin. Ọmọbìnrin ló kọ lẹ́tà sí wa.

Kí ìjòyè kọ̀ọ̀kan yan àgbẹ̀ àgbà kan ní àdúgbò rẹ̀, lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin, kí a kọ orúkọ iṣu tí ó mọ̀ sílẹ̀: ti Làbọ̀kọ̀ tí à ń fi gún iyán, ti Kókóró tí à ń gbẹ fún èlùbọ́, àti àwọn mìíràn tí àwọn ọmọ wa kò gbọ́ rí. Kí a kọ bó ṣe ń pè é ní Nàgó, ní Ànìí, ní Kòtòkólì, ní Lòkpá, nítorí ìlẹ̀ kan náà ni gbogbo wa jọ ń dáko lé. Kí a kọ ibi tí ó ti rí i àti ẹni tó fún un. Kò ná wa ju ìwé kan àti bíìkì kan lọ. Nǹkan tí kọ̀ǹpútà kò lè rí nínú lẹ́tà mẹ́rin yẹn nìyí, bí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá sì kú kí a tó kọ ọ́, ó tán.

Kí á má ṣe jẹ́ kí àlejò kó iṣu tàbí ewé lọ láìbéèrè ọ̀rọ̀. Àdéhùn kan wà tí ayé ṣe ní Nagoya ní ọdún 2010, Bẹ̀nẹ̀ sì wọ inú rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ mú irúgbìn ìlú kan ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ gba àyè, kí òun àti ìlú náà sì fohùn ṣọ̀kan lórí èrè tó bá tibẹ̀ jáde. Àlejò tó bá dé, ẹ fún un lómi, ẹ fún un ní àga. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé: Ta ló rán ọ? Níbo ni ìwé àṣẹ rẹ? Báwo ni a ó ṣe gbọ́ ohun tí o bá rí? Ǹjẹ́ àyè wà fún ọmọ wa kan láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ẹ má gbàgbé. Ṣùgbọ́n tí àlejò bá ní kí a mú ọmọ náà wá, a gbọ́dọ̀ ní in.

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹni tó béèrè ìbéèrè ọjọ́ yẹn kò ṣẹ̀. Ó béèrè ohun tí gbogbo wa kò mọ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí: bàbá, òǹkàwé ni yóò dà. Ìwé tí yóò sì kà, oko yín ni wọ́n ti kọ ọ́.

Ó dìgbà ìpàdé. Kí òjò rọ̀ lásìkò, kí iṣu ta. Àṣẹ.